Ilé Ààrò Tí Ebi Ń Pa

Bí ìbínú bá ń sọ èèyàn di ọlọ́rọ̀, Hermelindo Tiul ni ìbá lówó jù lọ ní gbogbo òkè Alta Verapaz. Ó ń bínú sí òjò, nítorí pé òjò kì í dá ní Serubél, abúlé rẹ̀. Ó ń bínú sí ọ̀nà, nítorí pé ọdọọdún ni ìjọba ń wá wọ̀n ọ́n, wọn ò sì tíì da òkúta kan ṣoṣo sí i. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń bínú sí don Obdulio, kòyótè, alárọ́bọ̀ tó ń ra kádámọ́mù tútù lọ́wọ́ wọn lẹ́bàá títì. Ọkùnrin yìí máa ń gbójú sókè wo ìkùukùu kó tó dá iye lé ọjà. Bí ìkùukùu bá ṣú, don Obdulio á rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé èso tútù tí òjò bá ká mọ́ ẹ̀bá títì kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni yóò wí, "bí ẹ bá rò pé mò ń rẹ́ yín jẹ, ẹ gbé e padà sílé. Mo gbọ́ pé ó dùn nínú ọbẹ̀."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, àfi Hermelindo. Àwàdà náà ni pé kò sẹ́ni tó ń jẹ kádámọ́mù ní Serubél. Ọwọ́ àwọn bàbá wọn ni wọ́n ti bá oko rẹ̀. Ewé rẹ̀ ga ju orí èèyàn lọ, èso rẹ̀ sì ń so nídìí bíi ti ataare tó jẹ́ ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìyá kan lábúlé náà tó tíì ju hóró kan sínú ìkòkò rí. Ilẹ̀ Lárúbáwá ló ń lọ. Kí ni àwọn Lárúbáwá wá ń fi ṣe? Àwọn kan ní aṣọ ni wọ́n fi ń pa láró. Bàbá Macario Choc, tó dàgbà jù nínú àwọn àgbààgbà abúlé, ní inú ìbọn ni wọ́n ń kì í sí.

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń ta sánsán ni?" ni bàbá náà máa ń wí. "Ohun tó bá ta báyìí, bí wọ́n bá ṣáná sí i, ó máa dún."

Hermelindo mọ̀ pé inú kọfí ni wọ́n ń fi sí, kọfí tí wọ́n ń bù fún àlejò kó mọ̀ pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun. Ó ti gbọ́ ọ ní ìlú Kóbán. Ó sì ti gbọ́ ohun mìíràn tó ká a lára, pé àrùn tó ń ṣe ọjà ilẹ̀ wọn lókè òkun kò ju èéfín lọ. Nínú ààrò àwọn alárọ́bọ̀, èéfín igi máa ń gba àárín èso kọjá, èso á sì máa rùn bí ẹran yíyan. Nítorí náà, òkìtì kan ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́ tó bá dé ọ̀hún. Kò lórúkọ, kò ní baba, wọ́n ń fi bù kún ọjà gidi tó wá láti ilẹ̀ ibòmíràn kó lè pọ̀. Àwọn ló ń gbìn ín jù láyé, àwọn ni ayé ò mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni Hermelindo ń fẹ́. Ó ń fẹ́ kí àpò kádámọ́mù tí wọ́n kọ Serubél sí lára kúrò lórí òkè yẹn, kó wọ ọkọ̀ ojú omi, kó sì dé ọwọ́ ẹnì kan tó máa ka orúkọ náà. Nítorí rẹ̀ ló fi kó àwọn ará abúlé jọ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Òun ni alága ẹgbẹ́, òun ni akọ̀wé, òun náà sì ni oníranṣẹ́, torí pé iṣẹ́ tí kò lérè nínú kì í ní ju ẹni kan lọ. Wọ́n fi gbogbo ohun tí wọ́n ní kọ́ ilé ààrò tuntun, èyí tí iná rẹ̀ wà ní ìta ògiri, tí páìpù ńlá ń gbé ooru wọlé, tí èéfín sì ń gba ojú òrùlé jáde láìfojú kan èso.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ilé náà, òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá sọ̀rọ̀ títí òòrùn fi yí. "Ọjà àgbáyé ń dúró dè yín!" ni ó wí. Ó jẹ tòlótòló, ó ya fọ́tò, ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Macario ti ń bi Hermelindo pé ọjà àgbáyé náà ńkọ́, ṣé ó ṣì wà lórí ìdúró, àbí ẹsẹ̀ ti ń dùn ún.

Ẹni tó dúró de wọn ní tòótọ́ ni Ìyáàfin Nineth, obìnrin kan tó ń bá ilé-iṣẹ́ ńlá kan yan ọjà ní Kóbán. Hermelindo gbé ẹ̀kúnwọ́ èso díẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ, àkọ́yọ ilé ààrò tuntun. Obìnrin náà fi èékánná pa ọ̀kan, ó gbé e sí imú, ó wá wo Hermelindo bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn.

"Èyí mọ́," ni ó wí. "Bí gbogbo àpò yín bá rí báyìí, n ó kó o, orúkọ yín ni yóò sì jẹ́ títí dé ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o, Ọ̀gbẹ́ni Tiul. Gbogbo rẹ̀ ni n ó kó, tàbí kí n má kó ọ̀kankan. Ọ̀gá mi lókè òkun kì í ka ìwé ẹ̀rí. Imú ló fi ń ra ọjà."

Hermelindo sọ ọ́ fún àwọn ará abúlé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n gbọ́. Àwọn tó ti fẹ́ máa gbé èso wọn lọ fún don Obdulio ní kọ̀rọ̀ gbé e padà. Wọ́n ní àwọn á dúró lẹ́ẹ̀kan yìí. Lẹ́ẹ̀kan yìí ni wọ́n wí, ó sì yé Hermelindo pé wọn ò ní dúró lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà nílẹ̀ tí Hermelindo ò kà sí ọ̀ràn. Ní Serubél, ilé tuntun kì í gba èèyàn tàbí ẹrù kí wọ́n tó bọ́ ọ. Wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ adìyẹ tọ́ ọ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á da omi kòkó sídìí òpó, wọ́n á sì fi pọ́m, oje igi olóòórùn, sórí ẹ̀yinná, kí òórùn rẹ̀ kún inú ilé dẹ́nu. Ẹni tó ni ilé á wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ kí ilé ṣe fún un. Ó ṣe tán, ara òkè ni wọ́n ti gé igi, inú àfonífojì ni wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n tọrọ gáfárà. Ẹni náà gbọ́dọ̀ gba àwẹ̀, kó má sì sún mọ́ aya rẹ̀ títí àwẹ̀ á fi pé. Ilé tí wọn ò bá bọ́, ebi á pa á, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú oúnjẹ wo ohun tó bá wà nínú rẹ̀.

Ìgbà tí ilé ààrò parí ni èso náà pọ́n. Petrona, ìyá Hermelindo, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ń lọ àgbàdo lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Hermelindo, ìgbà wo la ó bọ́ ilé yẹn?"

"Ìyá mi, èso ti ń bẹ́ nídìí igi. Ẹ jẹ́ ká kó o wọlé ná."

"Ká kó o wọlé kẹ̀? Ilé tí kò tíì jẹun, o fẹ́ gbé ẹrù sí i lẹ́nu, kó máa wò ó?"

"Kádámọ́mù ni, Ìyá. Àwa tá a gbìn ín gan-an ò jẹ ẹ́. Ilé ló máa wá jẹ ẹ́?"

Inú rẹ̀ dùn sí ẹnu ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ń lọ àgbàdo rẹ̀ lọ, Hermelindo sì ṣèlérí pé tí ọkọ̀ bá ti kó àpò lọ tán, àwọn á pa tòlótòló, àwọn á pe onídùùrù, ilé á jẹ àjẹyó. Ó rò pé ó tán síbẹ̀. Kò sì sọ pé pọ́m gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun. Kí ló fẹ́ sọ ọ́ sí? Gbogbo ìpàdé ló ti ń pariwo pé kí èéfín má kan èso yìí, débi pé àwọn tó ń fa tábà ti sá lọ sí etí odò. Ta ni kò tíì gbọ́?

Nígbà tó yá, iná jó Abelino. Abelino ló ń kó igi sí ààrò. Bó ṣe ṣí ilẹ̀kùn iná, iná fò jáde, ó sì lá a lápá títí dé ìgúnpá. Kí wọ́n tó fi ewé wé e tán, gbogbo abúlé ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ilé ni.

"Ọtí ìrèké ló jó o," ni Hermelindo wí. "Kì í ṣe ilé."

"Mo mu díẹ̀, òótọ́ ni," ni Abelino dáhùn, ó gbé apá rẹ̀ sórí orúnkún bí ọmọ tuntun. "Àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti ń mu ún, ọ̀gá. Iná ò jó mi rí."

Bàbá Macario wá bá a nílé. "Bọ́ ilé, ọmọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"N ó bọ́ ọ, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí ẹrù jáde ná."

"Bó bá kọ́kọ́ bọ́ ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà ẹ jọ̀ọ́!" ni Hermelindo pariwo. "Ṣé ilé ni mo kọ́ ni, àbí àmọ̀tẹ́kùn?"

Àgbà náà dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò yẹ kí Hermelindo pariwo mọ́ ọn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí àgbà náà tó dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Bó bá bá ìjọba jà tán, tó bá òjò jà tán, kí ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ tún máa bá a jà, ó ti pọ̀ jù.

Nígbà tí àpò tó kẹ́yìn gbẹ, tí wọ́n rán an lẹ́nu, tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ Serubél sí gbogbo wọn lára, Hermelindo lọ sí Kóbán láti mú Ìyáàfin Nineth àti ọkọ̀ ẹrù wá. Ó sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jọ jókòó sí iwájú ọkọ̀, ẹrẹ̀ ń ta sí wọn lójú fèrèsé, inú Hermelindo sì dùn débi pé ó gbàgbé láti bú ọ̀nà.

"Ẹ sọ pé ẹ ò tọ́ ọ wò rí?" ni Ìyáàfin Nineth bi í.

"A ò tọ́ ọ wò rí, Màdáàmù."

"Ẹ óò mu kọfí rẹ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan. Ó yẹ kéèyàn mọ ohun tó ń tà."

Òórùn náà ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Wọn ò tíì yọ sí abúlé, ẹ̀yìn kọ́nà tó kẹ́yìn ni wọ́n wà, nígbà tó gba ojú fèrèsé wọlé, ó wúwo, ó dùn, bíi ti ọjọ́ tí wọ́n ń gbé ère mímọ́ yí ìlú ká. Hermelindo yọ orí sí ojú fèrèsé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ilé ẹnì kan ni, pé bóyá ẹnì kan kú. Ó ń fẹ́ kí ẹnì kan kú! Ọlọ́run mọ̀ pé ohun tó rò nìyẹn.

Ewéko páínì tútù ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ láti ẹ̀bá ọ̀nà títí dé ẹnu ilé ààrò. Wọ́n ti wẹ àwọn ọmọdé. Àwọn obìnrin wọ aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ìyá rẹ̀ wà níwájú gbogbo wọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, Bàbá Macario sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwo ẹ̀yinná lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ilé ààrò wà ní títì, èéfín funfun sì ń yọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Petrona wí, "má ṣèyọnu mọ́. Ó ti jẹun. A tilẹ̀kùn mọ́ ọn láti àná kó lè wọ̀ ọ́ lára dáadáa."

Hermelindo sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn náà. Èéfín pọ́m tú jáde lé e lójú, ó sì rí àwọn àpò rẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, orúkọ Serubél lára wọn, ìyẹ́ adìyẹ kọ̀ọ̀kan lórí èyí tó wà ní igun.

Ìyáàfin Nineth kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó dúró kí afẹ́fẹ́ wọlé díẹ̀, ó wá ní kí wọ́n tú ẹnu àpò kan. Ó ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ dé ìgúnpá, ó mú èso jáde, ó fi èékánná pa á, ó gbé e sí imú, ó sì di ojú. Ó ní kí wọ́n tú òmíràn. Ó tún ní kí wọ́n tú èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Gbogbo abúlé ń wò ó, inú wọn dùn pé ó fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Ó dà bí ìgbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́," ni ó sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kí Hermelindo nìkan lè gbọ́.

"A lè sá a, Màdáàmù. A lè sá a sóòrùn, òórùn náà á lọ."

"Òòrùn wo, Ọ̀gbẹ́ni Tiul?"

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí páànù.

"Èso yìí ò lè bi ohun tó bá gbé mì," ni obìnrin náà wí. "Ìdí tí wọ́n fi ń rà á nìyẹn. Bí mo bá kó èyí ránṣẹ́, wọ́n á dá a padà, èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ lé. Ó dùn mí o. Ẹ gbà mí gbọ́, ó dùn mí."

"Ẹ kó ìdajì. Ẹ kó àwọn tó wà láàárín."

"Mo fọwọ́ kan àwọn tó wà láàárín."

Petrona sì ti dé pẹ̀lú abọ́. Ọbẹ̀ tòlótòló pupa ló wà nínú rẹ̀, ó ń hó, itan ńlá kan yọrí nínú rẹ̀. Oúnjẹ ilé ni. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ilé ló kọ̀. Ìyáàfin Nineth wo abọ́, ó wo Hermelindo, ó gba abọ́ náà ó sì jókòó. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Gbogbo abúlé jókòó yí i ká, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ń fi dùùrù kọrin, Bàbá Macario ń bi àlejò bóyá òótọ́ ni pé inú ìbọn ni wọ́n ń kì í sí. 

Kí obìnrin náà tó wọ ọkọ̀, Hermelindo di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

"Ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Èmi máa rántí yín," ni ó wí. "Ọ̀gá mi ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́ pọ̀."

Ọkọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ lọ lófìfo. Ìgbà tí wọ́n rí i pé kò gbé àpò kankan ni dùùrù dákẹ́.

"Kí ló dé tí kò kó o?" ni Petrona bi í.

"Ta ló ní kí ẹ ṣe é?" ni Hermelindo wí. "Ìyá mi, ta ló ní kí ẹ ṣe é?"

"Èmi ni. O lọ mú àlejò wá, ebi sì ń pa ilé. Bí iná bá tún fò mọ́ àlejò ńkọ́? Mo ṣe é kí ọ̀nà rẹ lè là ni."

"Mo sọ pé kí èéfín má kàn án! Láti ọjọ́ tí ilé yìí ti parí ni mo ti ń sọ ọ́!"

"Èéfín wo? Ta ló dáná igi níbẹ̀?"

"Pọ́m, Ìyá! Pọ́m!"

"Pọ́m kọ́ ni èéfín," ni ìyá rẹ̀ wí, pẹ̀lú sùúrù, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ kékeré ní orúkọ nǹkan. "Oúnjẹ ni pọ́m."

Hermelindo wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ń purọ́ níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohun tó sọ, wọ́n sì pa á mọ́ bó ṣe yé wọn. Èéfín ni ohun tó ń jáde lára igi, tó ń sọ ilé di dúdú, tó ń mú èèyàn húkọ́. Èyí tí wọ́n ń gbé ka iwájú òkè àti iwájú Ọlọ́run, ta ló jẹ́ pè é ní èéfín?

"Ká ní o ṣe é nígbà tó ṣófo," ni Bàbá Macario sọ, kò wo ojú rẹ̀, "afẹ́fẹ́ ì bá ti gbé òórùn rẹ̀ lọ kí èso tó wọlé. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kó ṣáájú."

"Ẹ̀yin náà, Bàbá, ẹ ò lè dúró di ọ̀la?"

Àgbà náà fi ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀. "A ò lè dúró," ni ó wí. "Ẹ̀rù ń bà wá."

Hermelindo ò rí ẹni bá jà. Ohun tó ń ro ó lọ́kàn nìyẹn, tó sì ń jó o bí ata. Ká ní don Obdulio ló ba ọjà náà jẹ́, ì bá mọ ẹni tóun máa bú. Ká ní wọ́n fi ọ̀tẹ̀ ṣe é, ì bá lé wọn kúrò lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, òun sì ti fi ìkánjú ṣílẹ̀kùn fún wọn. Gbólóhùn kan péré nípa pọ́m ni ì bá sọ. Ó ti sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há, gbólóhùn yẹn ni kò sọ.

Kò pẹ́ tí don Obdulio fi dé. Ta ló sọ fún un, kò sẹ́ni tó bi í. Ó wọ ilé ààrò, ó gbé imú sókè, ó fa afẹ́fẹ́ símú tariwo-tariwo.

"Áà! Kádámọ́mù onígbàgbọ́! Èyí ti ṣèrìbọmi!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun náà sì fi àwàdà sílẹ̀. "Ẹ má ṣèyọnu," ni ó wí. "Èmi ò nímú. N ó dà á pọ̀ mọ́ ti àwọn tó kù, ibẹ̀ náà ló máa gbà dé ilẹ̀ Lárúbáwá. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Hermelindo ní, "Kó o pẹ̀lú àpò rẹ̀."

"Rárá o. Ẹ tú u sínú tèmi. Níbi tí mò ń kó o lọ, orúkọ máa ń fa ìbéèrè."

Wọ́n tú u. Wọ́n gbé àpò Serubél dojú kọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èso náà ń ṣàn wọnú àpò tí kò ní nǹkan kan lára, ó ṣì tutù lójú bí ewé, ó lẹ́wà débi pé èèyàn lè sunkún. Bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́wọ́, Abelino, apá rẹ̀ ṣì wà nínú aṣọ, sún mọ́ don Obdulio.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ẹ ṣì máa ra tútù lẹ́bàá títì?"

"Bí òjò bá rọ̀, n ó wà níbẹ̀."

Abelino mi orí pé ó dáa. Kò wo ọ̀dọ̀ Hermelindo, Hermelindo náà sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó gbọ́. Kò sí ohun tó dùn ún tó èyí ní gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn ìgbà náà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹní rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, ó ń sùn níbẹ̀. Bí aya rẹ̀ bá gbé tọ̀tíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, wá, á jẹ díẹ̀, á ti ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìbínú ni, ó sì mọ̀ pé ìbínú ni. Ìyá rẹ̀ kà á sí àwẹ̀, kò sì sọ fún un.

Nígbà tí àwẹ̀ náà pé lójú ìyá rẹ̀, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ààrò pẹ̀lú adìyẹ kan lábẹ́ apá.

"Ó ti ṣófo," ni ó wí.

"Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ ti bọ́ ọ."

"A sáré ṣe é ni. Ẹni tó ni ín ò sí níbẹ̀. Ilé ò gbọ́ ohùn rẹ."

"Kí ló fẹ́ gbọ́? Kí la tún fẹ́ fi ilé yìí ṣe?"

"Èmi ò mọ̀," ni Petrona wí. "Ìwọ lo máa sọ fún un."

Ó jókòó bẹ́ẹ̀. Adìyẹ ń wò, òun náà ń wò. Obìnrin yìí lè jókòó di ọdún tó ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Níkẹyìn, Hermelindo dìde, ó gba adìyẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń já nǹkan gbà. Bàbá Macario ti wà lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú àwo ẹ̀yinná rẹ̀. Ó dájú pé wọ́n ti jọ dìmọ̀ pọ̀.

Hermelindo fi ẹ̀jẹ̀ tọ́ igun kìíní, ó tọ́ èkejì, ó yí ilé náà ká. Ó da omi kòkó sídìí òpó. Ó da pọ́m sórí ẹ̀yinná, èéfín rẹ̀ dìde, ó funfun, ó kún àjà. Ó wá kù kó sọ̀rọ̀. Ó dúró láàárín ilé òfìfo tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́.

"Bá a sọ̀rọ̀," ni ìyá rẹ̀ sọ láti ẹnu ọ̀nà.

"Jẹ," ni ó wí fún ilé. Ohùn rẹ̀ le. "Jẹ, kí o yó. Èso tọdún yìí, o ti jẹ ẹ́. Apá Abelino, o jẹ níbẹ̀. Orúkọ wa tí a kọ sára àpò, o jẹ ẹ́ mọ́ ọn. Má jẹ èèyàn mọ́." Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, líle náà ti kúrò nínú ohùn rẹ̀. "Jọ̀ọ́. Má jẹ ti ọdún tó ń bọ̀."

"O ò tíì sọ ohun tí o fẹ́ kó ṣe," ni Bàbá Macario wí jẹ́jẹ́.

"Kádámọ́mù ni," ni Hermelindo wí. "Kádámọ́mù tí kò ní òórùn kankan lára, àfi tirẹ̀."

Àgbà náà mi orí pé ó tó. Hermelindo lọ ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó ṣí gbogbo fèrèsé. Àwọn àpò Serubél wà ní òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí wọ́n dà wọ́n sí. Ó mú ọ̀kan, ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ pọ́m náà síta pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Petrona wò ó. Kò bi í pé kí ló ń ṣe. Ó mú àpò kan, ó dúró tì í, òun náà sì ń fẹ́.

Apá ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rọ. "Ṣé ó ti tó?" ni ó bi í.

Hermelindo fa afẹ́fẹ́ símú. "Kò tíì tó," ni ó wí. "Ẹ máa fẹ́ ẹ, Ìyá. Ẹ má tíì dúró."